Ogún Ìṣẹ́jú Kí Bọ́ọ̀lù Tó Bẹ̀rẹ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Dín Ìfarapa Àwọn Ọmọ Girama Kù

Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa, bí a ṣe ń mú ara gbóná kí eré tó bẹ̀rẹ̀ kò ju èyí lọ: tíṣà á fọn fèrè, àwọn ọmọ á sáré yí pápá ká lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tò, wọ́n á ju apá síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀, wọ́n á máa ka "wáàn, túù, tíríì", ó parí. Òógùn ti jáde, ara ti gbóná lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orúnkún tó máa bàjẹ́ nígbà tí ọmọ bá fò sókè tó sì fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀, eré yíyí pápá ká kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ọrùn ẹsẹ̀ tó máa rọ́ nígbà tí ọmọ bá já sí kòtò lórí eré, fífọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́.

Òógùn kọ́ ló ń dáàbò bo ọmọ. Ohun tó ń dáàbò bò ó ni kí iṣan rẹ̀ lágbára, kí ó lè dúró lórí ẹsẹ̀ kan láìta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì mọ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́rí lójijì. Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé kọ́ láàárín ìṣẹ́jú 20, lórí pápá tí a ní, láìra nǹkan kan.

Ètò tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí kì í ṣe tèmi. 11+ ni FIFA pè é. Ọdún 2006 ni àwọn oníṣègùn FIFA àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Oslo ní Nọ́wè àti Santa Monica ní Amẹ́ríkà tò ó jọ. Wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọbìnrin ọdún 13 sí 17 tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Nọ́wè. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008, ìfarapa ti dín kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ fisiotẹ́rápì ní Yunifásítì Èkó gbé e wá sílé. Ẹgbẹ́ 20 ni wọ́n lò nínú líìgì àwọn ọ̀dọ́ l'Ékòó, agbábọ́ọ̀lù 416 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 14 sí 19, fún oṣù mẹ́fà. Apá kan ń ṣe 11+, apá kejì ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ìfarapa àwọn tó ń ṣe é fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn yòókù. Tó bá jẹ́ ti ẹsẹ̀ nìkan, ìdá 48 ló fi dín. Ọdún 2014 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Iṣẹ́ Èkó yìí ló wù mí jù, nítorí kò sí ẹni tó máa tún yọjú sọ pé pápá àwọn òyìnbó ló dáa.

Ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹ̀yin kóòṣì tó ń kó àwọn ọmọ jọ nírọ̀lẹ́. Òbí tó bá fẹ́ kà á náà lè kà á, kó sì lọ bi ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn.

Kí ẹ tó fọn fèrè

Ẹ ní kí ọmọ mẹ́fà tàbí méje tò ní ìlà kan, kí wọ́n rìn láti ìpẹ̀kun pápá kan dé ìkejì, kí wọ́n máa ṣa òkúta, àfọ́kù ìgò, ìdérí ìgò àti irin. Ìṣẹ́jú méjì ni. Kòtò tí ẹ kò bá rí dí lónìí, ẹ fi nǹkan sàmì sí i kí gbogbo wọn rí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ti òpó gọ́ọ̀lù wò. Tó bá ń mì, ẹ gbé àpò yanrìn lé ìdí rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan fà rọ̀ mọ́ ọn. Òpó gọ́ọ̀lù tó wó ti pa ọmọ ní ibi púpọ̀ láyé, ìmúragbóná kankan kò sì lè gba ọmọ lọ́wọ́ ìyẹn.

Bàtà ńkọ́? Ọmọ tó yá búùtù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ki bébà bọ iwájú rẹ̀ kó lè bá a mu, ewu rẹ̀ ju ti ẹni tó wọ kánfáàsì tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu lọ. Kí okùn bàtà wà ní síso. Kí ẹni tó wọ búùtù onírin má bá ẹni tó wà lẹ́sẹ̀ lásán du bọ́ọ̀lù. Ẹ pín wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ẹ wá bi wọ́n: ta ni nǹkan ń dùn? Ta ni kò jẹun láti àárọ̀? Ọmọ tó ní ásímà, kí oògùn tó ń fà sẹ́nu wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, kì í ṣe nínú báàgì tí wọ́n tì mọ́ kíláàsì. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS lè bá wọn ṣe ìmúragbóná bí dókítà rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Kó máa mu omi, kó máa sinmi nígbà tó bá fẹ́, kí ẹnikẹ́ni má fipá mú un sá eré àsápajúdé léraléra. Omi fún gbogbo wọn, ní ìṣẹ́jú 15 sí 20 síra. Ní àwọn ọdún tí a wà yìí, ààwẹ̀ Ramadan ti ń bọ́ sí sáà kejì, àkókò íńtà-háòsì gan-an. Ọmọ tó ń gba ààwẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wà nínú òòrùn agogo méjì ọ̀sán nítorí pé ẹ fẹ́ kí háòsì yín gba ipò kìíní. Ẹ gbé ìdánrawò tirẹ̀ sí àárọ̀ kùtùkùtù, ẹ sì jẹ́ kó fúyẹ́.

Bí ẹ ṣe máa to pápá

Àmì 12 ni ẹ nílò, méjì méjì ní ẹsẹẹsẹ mẹ́fà, kí àlàfo mítà 5 sí 6 wà láàárín ẹsẹ kan sí èkejì. Ẹni tí kò bá ní kóònù, ìgò ike tí wọ́n bu omi sí, táyà àtijọ́ tàbí àpò kékeré tí wọ́n bu yanrìn sí á ṣiṣẹ́. Ẹ má lo búlọ́ọ̀kù tàbí òkúta o, nítorí ọmọ lè ṣubú lù ú.

Ọmọ méjì á bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà láti ìdí àmì àkọ́kọ́. Wọ́n á gba àárín lọ, wọ́n á máa ṣe ohun tí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe ní ìdí àmì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá dé òpin, wọ́n á gba ìta padà, eré wọn á sì máa yára sí i bí ara ṣe ń gbóná. Bí ọmọ bá tó 60 tàbí 70, ẹ to ojú ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ kọ́ àwọn káfútẹ́nì háòsì ní ètò yìí ṣáájú kí wọ́n lè máa darí. Àwọn ọmọ máa ń gbọ́ ti ẹgbẹ́ wọn. Iṣẹ́ tiyín ni kí ẹ máa rìn kiri, kí ẹ máa wo orúnkún àwọn ọmọ.

Apá kìíní: eré jẹ́jẹ́, ìṣẹ́jú 8

Ẹ̀ẹ̀mejì ni kí wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn mẹ́fà yìí. Kò le, n kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀.

1. Kí wọ́n sáré jẹ́jẹ́ lọ tààrà dé àmì tó kẹ́yìn.
2. Kí wọ́n dúró ní ìdí àmì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbé orúnkún sókè, kí wọ́n yí i láti iwájú lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí ìbàdí lè là. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ní àmì kan, ti òsì ní èyí tó tẹ̀ lé e.
3. Kí wọ́n ṣe é ní òdì kejì: kí orúnkún ti ẹ̀gbẹ́ wá sí iwájú.
4. Kí àwọn méjèèjì fi ẹ̀gbẹ́ sáré pàdé láàárín, kí wọ́n yí ara wọn po, kí wọ́n sì padà sí ìdí àmì wọn.
5. Kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ sáré pàdé, kí wọ́n fò sókè, kí èjìká kan èjìká. Ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí wọ́n fi balẹ̀, kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀.
6. Kí wọ́n sáré kíákíá dé àmì kejì, kí wọ́n fi ẹ̀yìn sáré padà sí àkọ́kọ́, kí wọ́n tún lọ síwájú méjì, ẹ̀yìn ọ̀kan, títí wọ́n á fi dé òpin.

Ìkarùn-ún ni àwọn ọmọ máa ń fẹ́ràn jù, òun náà ni wọ́n sì máa ń sọ di ìjà. Ẹ kìlọ̀ fún wọn pé èjìká ló ń kan èjìká, wọn kò gbọ́dọ̀ fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn.

Apá kejì: ibi tí iṣẹ́ wà, ìṣẹ́jú 10

Apá yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ kóòṣì máa ń fò, nítorí ó máa ń nira, àwọn ọmọ sì máa ń kùn. Nǹkan mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ipele mẹ́ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Ọmọ tó bá ṣe ipele kìíní láìṣe àṣìṣe títí àkókò fi pé ló ń lọ sí ìkejì. Nínú ẹgbẹ́ kan náà, ẹnì kan lè wà ní ipele kẹta kí ẹlòmíràn ṣì wà ní ìkíní. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ara wọn ṣẹ̀sín.

*Àyà àti ikùn.* Kí ọmọ dojú bolẹ̀, kó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì àti ọmọ-ìka ẹsẹ̀ gbé ara dúró, kí orí, ẹ̀yìn àti gìgísẹ̀ wà lórí ìlà kan. Ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 30, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Bí ìdí bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́ nìyẹn, kó sinmi. Ní ipele kejì á máa gbé ẹsẹ̀ kan kan sókè. Ní ìkẹta á gbé ọ̀kan dúró síbẹ̀.

*Ẹ̀gbẹ́.* Bákan náà, ṣùgbọ́n ìgbọ̀nwọ́ kan ni yóò fi gbé ara, tí yóò fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí ilẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe é kó tẹ orúnkún ìsàlẹ̀ balẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 30, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

*Iṣan ẹ̀yìn itan.* Iṣan yìí ló máa ń já mọ́ àwọn asáré lára ní mítà 60 tàbí 70, tí wọ́n á di ẹ̀yìn itan mú tí wọ́n á máa tiro jáde. Ọmọ á kúnlẹ̀ lórí páálí tàbí súwẹ́tà tí wọ́n ká, ẹnì kejì á di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú mọ́lẹ̀ gbọin-gbọin. Ẹni tó kúnlẹ̀ á mú ara rẹ̀ tọ́ láti orí dé orúnkún, á wá rọra máa ṣubú síwájú, á máa fi ẹ̀yìn itan fa ara rẹ̀ padà bó ṣe ń lọ. Bí kò bá lè dá a dúró mọ́, kó fi àtẹ́lẹwọ́ gba ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sí márùn-ún péré ló tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú pé ẹ̀yìn itan á ro wọ́n ní ọjọ́ kejì àti ìkẹta, kí ìyá wọn má baà rò pé wọ́n nà wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́. Ìrora yẹn máa ń lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ díje.

*Ìdúró lẹ́sẹ̀ kan.* Kí ọmọ di bọ́ọ̀lù mú lọ́wọ́ méjèèjì, kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ̀ẹ̀mejì ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí orúnkún tẹ̀ díẹ̀, kó má le gan. Ní ipele kejì, kí òun àti ẹnì kejì rẹ̀ máa ju bọ́ọ̀lù síra. Ní ìkẹta, kí àwọn méjèèjì dúró lẹ́sẹ̀ kan, kí wọ́n máa ti ara wọn díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n wo ẹni tó máa kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kejì kanlẹ̀. Ọmọ tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ́ rí, òun ni èyí wà fún jù lọ. Ọrùn ẹsẹ̀ tó bá rọ́ lẹ́ẹ̀kan máa ń fẹ́ rọ́ lẹ́ẹ̀kejì, torí pé ara ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń mọ ìgbà tó ń yẹ̀.

*Lílóṣòó.* Ẹsẹ̀ méjèèjì lálàfo bí ìbú ìbàdí, kó lóṣòó bíi pé ó fẹ́ jókòó sórí àpótí, kó dìde, kó sì gbé gìgísẹ̀ sókè. Ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ̀ẹ̀mejì. Ipele kejì ni ìgbésẹ̀ gígùn, tí orúnkún ẹ̀yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ipele kẹta ni fífi ẹsẹ̀ kan lóṣòó, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

*Fífò àti bíbalẹ̀.* Ibí yìí ni kí ẹ ti fi ara balẹ̀. Ìfarapa orúnkún tó burú jù nínú bọ́ọ̀lù, báskẹ́ẹ̀tì àti háńdìbọ́ọ̀lù, ìyẹn iṣan àárín orúnkún tí àwọn dókítà ń pè ní ACL tó bá já, lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló gbá ọmọ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló balẹ̀, tàbí tó ń dúró lójijì, tàbí tó ń ṣẹ́rí. Ẹsẹ̀ tọ́ gan, orúnkún wọ inú, nǹkan ró pọ́ọ̀. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọbìnrin ju àwọn ọmọkùnrin lọ nínú eré kan náà, àgàgà lẹ́yìn tí wọ́n bá bàlágà. Ẹ wá wo bí nǹkan ṣe rí ní ilé ẹ̀kọ́ wa: àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n máa ń ní kí wọ́n lọ jókòó pàtẹ́wọ́ nígbà tí àwọn ọmọkùnrin bá ń ṣe ìdánrawò, ọjọ́ íńtà-háòsì ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ pè wọ́n láti fò. Tó bá jẹ́ pé ojú ló ń tì wọ́n láàárín àwọn ọkùnrin, ẹ fún wọn ní apá kan pápá, kí olùkọ́ obìnrin dúró tì wọ́n, kí wọ́n wọ ṣòkòtò tàbí aṣọ tí ara wọn gbà.

Ipele kìíní: kó lóṣòó díẹ̀, kó dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, kó fò sókè bó ṣe lè fò tó, kó balẹ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú-àáyá 30, ẹ̀ẹ̀mejì. Ipele kejì: fífi ẹsẹ̀ kan fò sí ẹ̀gbẹ́ ní mítà kan, kó dúró ṣinṣin kó tó fò padà. Ipele kẹta: fífò síwájú, sẹ́yìn, sí ẹ̀gbẹ́ àti ìgun sí ìgun, bíi pé wọ́n fa àmì àròpọ̀ sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe èyí, ẹ dúró síwájú wọn, kí ẹ má wo ojú wọn. Orúnkún ni kí ẹ wò. Bí ọmọ bá balẹ̀, ṣé orúnkún rẹ̀ wà lókè ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí méjèèjì ń wọ inú lọ pàdé ara wọn bíi K-leg? Tí wọ́n bá ń wọ inú, ẹ dá a dúró, ẹ dá a padà sí lílóṣòó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ wo ìbàdí rẹ̀ náà: ṣé ó tẹ̀ láti ìbàdí, tàbí orúnkún nìkan ló fi gba gbogbo ìwúwo ara? Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ẹ̀yìn sí wọn, kí ẹ fi etí gbọ́. Ogún ọmọ tó ń balẹ̀ "gbì! gbì! gbì!", ẹ̀kọ́ kò tíì wọlé nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n balẹ̀ bí ológbò tó fò kúrò lórí fẹ́ǹsì. Ọ̀rọ̀ yẹn ń yé wọn ju àlàyé nípa iṣan àti oríkèé lọ, ariwo náà á sì lọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Tí ẹ bá ní fóònù, ẹ ká fídíò ìbalẹ̀ ọmọ kan láti iwájú, kí ẹ fi hàn án kó rí orúnkún ara rẹ̀. Àwọn kan kì í gbà títí wọ́n á fi rí i. Ẹ pa fídíò náà rẹ́ lẹ́yìn náà. Ọmọ ọlọ́mọ kọ́ ni kí ẹ máa gbé sórí WhatsApp.

Apá kẹta: eré tó yára, ìṣẹ́jú 2

Nǹkan mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n sáré dé nǹkan bíi mítà 40, kí eré wọn tó ìdá 75 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára wọn. Kí wọ́n sáré pẹ̀lú ìgbésẹ̀ tó ga tó sì gùn, orúnkún sókè. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n sáré, kí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ kan mọ́lẹ̀, kí wọ́n ṣẹ́rí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí wọ́n tún yára. Orúnkún ni kí ẹ tún máa wò nígbà tí wọ́n bá tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ ìdíje, apá kìíní àti ìkẹta nìkan ni kí wọ́n ṣe. Apá kejì á mú kó rẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó wọ pápá.

Ìgbà wo, ẹ̀ẹ̀melòó?

Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kò tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀márùn-ún ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú íńtà-háòsì kò lè dípò oṣù mẹ́ta tí ẹ kò ṣe nǹkan kan. Iṣan kì í lágbára lọ́jọ́ kan. Níwọ̀n bí íńtà-háòsì ti máa ń wáyé ní sáà kejì, oṣù kẹsàn-án tí wọ́n bá wọlé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ipele kìíní. Tí ẹ bá fi máa lọ ìsinmi Kérésìmesì, ọ̀pọ̀ wọn á ti wà ní ipele kejì. Nígbà tí wọ́n bá wọlé ní oṣù kìíní, ẹ dá wọn padà sí ìkíní fún ọ̀sẹ̀ kan, torí pé ìrẹsì ọdún ti wọ̀ wọ́n lára.

Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ: "Píríódù mi jẹ́ ìṣẹ́jú 40 péré, tí n bá ti yọ 20 kúrò, kí ló kù?" Ìdáhùn mi ni pé ìṣẹ́jú 20 yẹn gan-an ni eré ìdárayá náà. Ọmọ tó lè lóṣòó lórí ẹsẹ̀ kan tó sì lè balẹ̀ dáadáa ti kọ́ nǹkan tó máa lò títí dọjọ́ ogbó. Tí ẹ kò bá gbà, ẹ gbé apá kejì sí ìparí ìdánrawò, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ má kàn yọ ọ́ dànù.

Nína iṣan kí a sì dúró síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, tí gbogbo wa fẹ́ràn, ẹ gbé òun náà sí ìparí. Kò fi bẹ́ẹ̀ dènà ìfarapa, tó bá sì pẹ́ jù, ó máa ń dín agbára iṣan kù fún ìgbà díẹ̀, èyí tí ẹni tó fẹ́ sá mítà 100 kò fẹ́.

Ètò yìí kò mọ sórí bọ́ọ̀lù. Àwọn tó ń fò gíga, àwọn tó ń sá eré ọ̀pá àti àwọn oníbáskẹ́ẹ̀tì lè lò ó bẹ́ẹ̀. Fún àwọn tó ń ju jáfílínì tàbí òkúta, ẹ fi títì ara sókè lórí ọwọ́ àti yíyí apá díẹ̀díẹ̀ kún un, kí wọ́n sì ju nǹkan fúyẹ́fúyẹ́ kí wọ́n tó jù ú tagbáratagbára.

Ọmọ tó ń ga lójijì

Ọmọ tó kúrú ní oṣù kẹsàn-án lè ti ga ju yín lọ ní oṣù keje. Ní àkókò yẹn, egungun máa ń gùn ṣáájú kí iṣan tó bá a, ibi tí iṣan ti so mọ́ egungun á sì máa ro wọ́n: ìsàlẹ̀ orúnkún níwájú, níbi tí kókó kan ti máa ń yọ, tàbí ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Ọ̀lẹ kọ́ ni ọmọ náà, kò sì díbọ́n. Ẹ dín sísá àti fífò rẹ̀ kù, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ìdúró lẹ́sẹ̀ kan àti ti àyà àti ikùn. Tí ìrora bá ń jí i lóru tàbí tó ń mú un tiro, dókítà ló kàn.

Ẹ tún bi í: ẹgbẹ́ mélòó ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún? Ọmọ kan náà lè máa gbá fún ilé ẹ̀kọ́, fún háòsì, fún àdúgbò ní ọjọ́ Sátidé, kí akádẹ́mì tún mú un ní ọjọ́ Àìkú, tí kóòṣì kọ̀ọ̀kan rò pé òun nìkan ló ni ín. Ìwọ̀n kan tó rọrùn láti rántí nìyí: kí wákàtí tí ọmọ fi ń ṣe eré tí wọ́n ń darí láàárín ọ̀sẹ̀ má ju iye ọdún rẹ̀ lọ, kí ó sì ní ọjọ́ kan, ó kéré tán, tí kò ní ṣe é rárá.

Tí ọmọ bá farapa síbẹ̀

Á ṣẹlẹ̀. Ẹ dá eré dúró fún un lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọrùn ẹsẹ̀ ló rọ́, ẹ rán ẹnì kan lọ ra píọ̀-wọ́tà tó ti dì ní ẹnu ọ̀nà, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Ẹ fi báńdéèjì dì í, kó má le jù. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Kò sí omi gbígbóná o. Kò sí róòbù, kò sí fífà, kò sí títẹ̀ ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, bí ìyá àgbà tilẹ̀ ń béèrè. Omi gbígbóná á mú kó wú sí i ni.

Tí kò bá lè fi ẹsẹ̀ náà rin ìgbésẹ̀ mẹ́rin, tí ibẹ̀ bá wọ́, tí ó bá ń kú tipiri, tàbí tí orúnkún bá wú láàárín wákàtí mélòó kan, ilé ìwòsàn ni, kí wọ́n ya fọ́tò egungun. N kò bá àwọn tó ń to egungun jà, ṣùgbọ́n igi tí wọ́n dì mọ́ ẹsẹ̀ le jù ti mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọmọ rí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí fọ́tò ná.

Ẹni tí orí rẹ̀ bá kọlu nǹkan, tó wá ń wò ràn-ìn, tí ojú ń yí, tí orí ń fọ́, tàbí tí kò rántí góòlù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ, kò tún gbọ́dọ̀ wọ pápá lọ́jọ́ yẹn, bó tilẹ̀ ń sunkún pé ara òun ti yá. Tó bá ń bì, tó ń sùn lọ, tí gìrì mú un, tàbí tí ọrùn ń dùn ún, ẹ má dá a gbé o. Ẹ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n gbé.

Kí ó tó padà: kó rìn láìtiro, kó sáré jẹ́jẹ́, kó sá eré àsápajúdé, kó fi ẹsẹ̀ tó farapa fò ní iye ìgbà kan náà tó fi ẹsẹ̀ kejì fò láìrora. Ìgbà tó bá ṣe gbogbo rẹ̀ tán ló ń wọ ìdánrawò, lẹ́yìn ìdánrawò ló ń wọ ìdíje.

Ẹ ní ìwé kékeré kan tí ẹ ń kọ ọ́ sí: ọjọ́, ẹ̀yà ara, ohun tí ọmọ ń ṣe, ibi tó ti ṣẹlẹ̀ lórí pápá. Ní òpin sáà, ẹ ṣí i wò. Tí ó bá jẹ́ pé orúnkún ló pọ̀, ẹ ti ń kánjú lórí ìbalẹ̀ nìyẹn. Tí ọrùn ẹsẹ̀ mẹ́rin bá rọ́ ní igun pápá kan náà, ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n gbé yanrìn wá.